BMCC ní Manhattan: ẹ wo ibi tí krẹ́díìtì yín máa já sí kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé New York máa ń bi mí léèrè bóyá kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, dára fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, tó tún ń tọ́mọ lọ́wọ́. Borough of Manhattan Community College ni mo lọ, BMCC tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Mo gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì níbẹ̀ nínú Accounting, mo sì ti kọjá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin báyìí. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un. Ẹyọ kan tí mo yọ yẹn kì í ṣe ẹjọ́ BMCC. Ọ̀rọ̀ kíkọjá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì sí ọlọ́dún mẹ́rin ni, níbi tí krẹ́díìtì, ìyẹn ẹyọ tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń kà sí ìwé-ẹ̀rí, ti lè sọnù. Ìṣòro tó kárí Amẹ́ríkà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gbé mi débẹ̀. $4,800 lowó iléèwé ọdún kan fún ẹni tó ń gbé New York, tó sì ń kà á ní fúùlù-táìmù. BMCC wà lábẹ́ CUNY, yunifásítì ìlú New York, tó ní kámpọ́ọ̀sì 25. Méje nínú wọn ló jẹ́ kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin ti CUNY kan náà, $6,930 ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó ní green card tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè gba Pell, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn kì í dá padà. Iye tó ga jù tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́dún jẹ́ $7,395. TAP, owó ìrànwọ́ ti ìpínlẹ̀ New York, tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí méjèèjì bá wọlé, owó iléèwé tán nìyẹn, ó sì lè ṣẹ́ kù fún ìwé àti owó ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọn ò ní ìwé ìgbélùú, àmọ́ tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n ti parí sẹ́kọ́ńdìrì ńkọ́? Láti 2019 ni òfin DREAM Act ti ìpínlẹ̀ yìí ti ṣí TAP sílẹ̀ fún wọn. Mo mọ òbí tí ojú ń tì láti béèrè, tí ọmọ sì jókòó sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè.

Ó tiẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀fẹ́. Títí di 1976, CUNY kì í gba owó iléèwé lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Lọ́dún 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico ti ilẹ̀kùn City College, ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY, pa ní Harlem, wọ́n ní yunifásítì tí ìlú ń fi owó orí gbogbo ará ìlú gbọ́ bùkátà rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa yọ ọmọ wọn sẹ́yìn. Nígbà tó di 1970, CUNY ní kí gbogbo ẹni tó bá ti parí sẹ́kọ́ńdìrì ní ìlú náà máa wọlé. Mo mọyì àwọn ọmọ yẹn gan-an ni. Ọ̀nà tí wọ́n là ni èmi náà gbà.

Ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wà. WAEC ló máa ń dá àwa ará Nàìjíríà dúró. Àbúrò mi ní Ìbàdàn ló bá mi ra káàdì tí wọ́n fi ń yẹ èsì wò, tó fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ tètè ṣe é, torí ìwé yín lè pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ìwé ilẹ̀ òkèèrè wò. Ẹni tó bá ní OND, tàbí tó ti kàwé díẹ̀ ní yunifásítì nílé, kó mú transcript rẹ̀ wá. Wọ́n lè ka kíláàsì mélòó kan fún un nínú rẹ̀, ìyẹn á sì gba owó àti àkókò là fún un. Nǹkan mìíràn tó ti yí padà ni pé tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò bá tó, wọ́n á kọ́kọ́ kó o sí kíláàsì àtúnkọ́ tí kò ní krẹ́díìtì kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ibẹ̀ sá lọ. Ní oṣù kìíní 2023, CUNY kéde pé òun ti fòpin sí i. Kíláàsì tó ní krẹ́díìtì ni wọ́n ń fi èèyàn sí ní tààrà báyìí, wọ́n á wá fi wákàtí ìrànwọ́ kún un.

Ta ló ń lọ síbẹ̀? Ní kíláàsì Accounting tí mo kọ́kọ́ ṣe lálẹ́, olùkọ́ ní kí kálukú sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ Bangladesh kan ń wa Uber. Obìnrin Dominican kan ń ṣe ìtọ́jú eyín lọ́dọ̀ dókítà ní Washington Heights, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní BMCC kan náà. Ọmọ Guinea kan tó ń gbọ́ Fúlàní àti Faransé ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Bronx. Ọmọ Haiti méjì jẹ́ home attendant, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn nílé wọn, bíi tèmi. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì wà láàárín wa, ṣùgbọ́n lálẹ́, àwa àgbà la pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo BMCC ṣe rí: àwọn tó ń sọ èdè Spanish ló pọ̀ jù, àwa aláwọ̀ dúdú la tẹ̀ lé wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wá láti orílẹ̀-èdè tó ju 100 lọ. Kò sẹ́ni tó wo ohùn Yorùbá tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì mi bíi nǹkan àjèjì. Fún ẹni tó ti pẹ́ kúrò nínú iléèwé, ìyẹn nìkan tó láti jẹ́ kó lè nawọ́ béèrè ìbéèrè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ BMCC lé ní 25,000 kí Kòrónà tó dé, iye wọn sì já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Kárí Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wọ kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìgbà àkọ́kọ́ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù ní ìgbà ìwọ́wé 2020. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà: iṣẹ́ tí irú wa ń ṣe ni àrùn yẹn kọ́kọ́ kọlù, ilé sì kún fún ọmọ tí iléèwé tiwọn náà tì pa. Èrò ti ń padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ò tíì lọ, ó sì ti di ohun tí abiyamọ lè gbára lé. Kíláàsì ìṣirò nìkan ni mi ò lè ṣe lórí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ rí ọwọ́ olùkọ́ lórí pátákó.

Ohun tó dára jù tí mo rí níbẹ̀ ni ASAP, ètò tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kó lè tètè parí. CUNY bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2007. Ẹ gbọ́dọ̀ máa ka fúùlù-táìmù, krẹ́díìtì yín ò sì gbọdọ̀ tíì pọ̀ nígbà tí ẹ ń wọlé. Wọ́n á fún yín lówó ọkọ̀ àti ìrànwọ́ ìwé, wọ́n á dí àlàfo tí Pell àti TAP bá fi sílẹ̀ nínú owó iléèwé, wọ́n á sì fún yín ní adviser, olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo tó mọ orúkọ yín. Tèmi máa ń bi mí léèrè ìgbà tí mo wọṣẹ́ àti ìgbà tí mo jáde kó tó bá mi yan kíláàsì. Àwọn olùṣèwádìí dán ASAP wò nípa yíyan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sínú rẹ̀ bí ẹni ń mú tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú ASAP ló ti gbàwé-ẹ̀rí; láàárín àwọn yòókù, ìdá 22 péré ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọpọlọ ló yàtọ̀? Owó ọkọ̀ àti ẹni tó ń bójú tó èèyàn ni. BMCC tún ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kéékèèké, àti Panther Pantry tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba oúnjẹ. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkọjá. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń wọ kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà ló ń sọ pé àwọn fẹ́ gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń kọjá. Tí ọdún mẹ́fà bá fi máa pé, nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tó wọlé ló ti gba dìgírì náà. Lọ́dún 2017, GAO tó ń bá àwọn aṣòfin àpapọ̀ yẹ ìwé ìṣirò wò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọjá láti iléèwé kan sí òmíràn ń pàdánù ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún krẹ́díìtì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí òógùn èèyàn ni krẹ́díìtì wọ̀nyẹn: kíláàsì tí a ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Èmi náà fara gbá níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin tí mo kọjá sí gba gbogbo krẹ́díìtì mi lórí ìwé. Nígbà tí mo wá wo ibi tí wọ́n tò wọ́n sí, Intermediate Accounting mi wà lábẹ́ elective. Ìyẹn ni pé wọ́n kà á, àmọ́ kò dín ohun kan kù nínú ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe fún Accounting gan-an. Wọ́n ní ipele ọdún kẹta ni kíláàsì tiwọn wà. Mo tẹ sílábọ́ọ̀sì mi jáde, mo sàmì sí orí ìwé kọ̀ọ̀kan tí a kà, mo gbé e lọ bá olórí ẹ̀ka. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rí i pé orí kan náà, ìwé kan náà ni. Wọ́n yí i padà fún mi. Wọn ò gbọ́ ẹjọ́ mi lórí Business Law, mo tún un ṣe. Ẹ rántí pé Pell ní òpin: iye fúùlù-táìmù sẹ̀mẹ́sítà 12 ni wọ́n ń fún èèyàn ní gbogbo ayé rẹ̀. Kíláàsì tí a ṣe lẹ́ẹ̀mejì ń jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ di sílábọ́ọ̀sì gbogbo kíláàsì yín mú, ẹ má sọ ọ̀kankan nù. Ẹ lo Transfer Explorer ti CUNY, T-Rex ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ orúkọ kíláàsì sínú rẹ̀, yóò fi hàn yín bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ṣe máa kà á. Ẹ wò ó kí ẹ tó yan kíláàsì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é tán. Ẹ sì wo irú ìwé-ẹ̀rí tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹni tó bá gba A.A. tàbí A.S., ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì tó wà fún ẹni tó fẹ́ kọjá, láti kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY, wọ́n gbà pé ó ti ṣe gbogbo krẹ́díìtì 30 ti Common Core, ìyẹn àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ dìgírì ní CUNY gbọ́dọ̀ ṣe, àyè sì wà fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin kan nínú CUNY. A.A.S. jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ ní tààrà, kì í rọrùn láti fi kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn lè gba ti Justice Academy, ètò tó so BMCC mọ́ John Jay, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin ti CUNY, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé Nursing ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa béèrè. A.A.S. ni ti BMCC. Ìdíje ibẹ̀ le, máàkì yín nínú àwọn kíláàsì ìṣáájú ni wọ́n ń wò, ìwọlé sí BMCC kò sì túmọ̀ sí ìwọlé sí Nursing. Ẹni tó bá parí rẹ̀ lè jókòó fún ìdánwò RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin New York láti 2017 ní kí RN tuntun gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́wàá. Torí náà, ẹ̀yin náà á kọjá lọ́jọ́ kan. Ẹ bá àwọn tó máa gbà yín lẹ́yìn náà sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn sórí ímeèlì.