Adìrẹ Ìtòkú, búláńkẹ́ẹ̀tì tàbí táwẹ̀ẹ̀lì: èwo ni kí ẹ kó sínú báàgì ìrìnàjò?

Bí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì ní Kútò, ní Abẹ́òkúta níbí, nídàájí rí, tí dẹ́rẹ́bà ti gbogbo fèrèsé pa tó wá tan AC, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òtútù ọkọ̀ kì í kọ́kọ́ ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ẹ ó tiẹ̀ máa dúpẹ́ pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ ooru. Ó di ẹ̀yìn Ọ̀dẹ́dá kó tó wọ eegun èjìká, tí ẹ ó wá máa káwọ́ mọ́yà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ẹ ní kí wọ́n dín in kù, ẹni tó jókòó níwájú á ní ooru ṣì ń mú òun. Ti ọkọ̀ ojú irin tún wá jù ú lọ. Èyí tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tó ti ń kó èrò láti 2021, tí àwa ń wọ̀ ní Láàdérin ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ta lẹ fẹ́ pè níbẹ̀ pé kó bá yín pa AC?

Ohun tí èèyàn á fi bora kò gbọdọ̀ wọ́n nínú báàgì. Mẹ́ta ni mo ti gbé kiri: adìrẹ yáàdì méjì àbọ̀ tí mo rà ní ọjà Ìtòkú, búláńkẹ́ẹ̀tì kékeré onírun múlọ́múlọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi, àti táwẹ̀ẹ̀lì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan. Ìrọ̀rí ọrùn tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí kò sí nínú ìfiwéra yìí. Mo ti ra méjì rí. Àkọ́kọ́ ti tú atẹ́gùn tán kí a tó dé Ṣàgámù, èkejì wà nílé, àwọn ọmọ ń fi gbá bọ́ọ̀lù.

Òtútù

Búláńkẹ́ẹ̀tì ló mókè, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Táwẹ̀ẹ̀lì tẹ̀lé e. Adìrẹ fẹ́lẹ́, àfi kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ẹ tó fi bo èjìká, ẹsẹ̀ yín á sì wà níta.

Àyè nínú báàgì

Adìrẹ tí mo bá ká dáadáa kò ju ẹ̀kọ méjì tí a tò léra lọ. Táwẹ̀ẹ̀lì tóbi díẹ̀ jù ú lọ. Búláńkẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ gba ìdajì báàgì ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kan mo ní láti so ó mọ́ ìta báàgì, àgbèrò kan ní Láfẹ́ńwá sì bi mí bóyá ọmọ ni mo gbé.

Gbígbẹ

Ibí ni táwẹ̀ẹ̀lì ti ṣẹ̀ mí. Mo wẹ̀ ní Àbújá ní aago márùn-ún àárọ̀, mo fi nura, mo ká a tutùtutù sínú ọ̀rá, mo mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tí mo fi máa tú ẹrù nílé, òórùn rẹ̀ ti wọ gbogbo aṣọ tó wà nítòsí rẹ̀, bí òórùn aṣọ tí a rẹ tí a gbàgbé. Adìrẹ tó jẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á gbẹ lórí fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́. Búláńkẹ́ẹ̀tì yára gbẹ pẹ̀lú, nítorí polyester ni wọ́n fi ṣe é, omi kì í fẹ́ dúró lára rẹ̀. Ìdí kan náà ni kì í fi í ṣe é nura. Ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, á yọ́ mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe

Búláńkẹ́ẹ̀tì, èèyàn á fi bora, ó parí. Táwẹ̀ẹ̀lì, ẹ bora, ẹ nura. Adìrẹ ní tirẹ̀, mo ti fi so fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí oòrùn ń kọ lù mí lójú, mo ti fi pọn ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bì, mo ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé àlejò kan tí n kò fẹ́ kí awọ ara mi mọ ohun tó wà lórí bẹ́díṣíìtì rẹ̀. Mo fi ró wẹ̀, mo fi pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ọkọ̀, mo ká a di ìrọ̀rí. Ọkùnrin tó ń kà á náà lè mú un dání, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Aró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí òun ló ná mi lówó.

Àwọ̀ búláńkẹ́ẹ̀tì tèmi kò ṣí rí láti ọjọ́ tí mo ti gbà á. Táwẹ̀ẹ̀lì, bí ẹ bá ra funfun, kí ló fẹ́ ṣí? Adìrẹ nìkan ni ìbéèrè yìí kàn, mi ò sì bi í bó ṣe yẹ.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ló ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeé ni mo yà sí Ìtòkú, ọjà ti ń palẹ̀ mọ́. Mo rí adìrẹ oníko kan, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn so kí wọ́n tó tì í bọ aró, aró rẹ̀ dúdú bí ọ̀gànjọ́, àwọn òbìrí ńlá pẹ̀lú kéékèèké yí ká, èyí tí wọ́n ń pè ní oṣùbàmbà. Mo bi ìyá tó ń tà á bóyá kì í ṣí. Ó ní, “Kì í ṣí rárá, àǹtí mi. Bó bá ṣí, ẹ dá a padà fún mi.” Mo sanwó. Mi ò tú u wò, mi ò fi omi kàn án.

Ọjọ́ kejì, mo wọ léèsì funfun láti ilé, torí pé ibi àríyà ni ọkọ̀ máa já mi sí. Ṣé ẹ rí i, àṣìṣe kejì nìyẹn. A kọjá Bákàtàrí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ibi tí AC ti ń fẹ́, tó! tó! tó!, sí èjìká mi ọ̀tún. Èmi ọlọ́gbọ́n wá fa adìrẹ gòkè kó má bàa kán sí léèsì. Oorun gbé mi lọ lẹ́yìn Ọ̀yọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá tó jókòó tì mí ti jí mi.

“Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹ́ lọ́rùn? Ṣé ọkọ nà ẹ́ ni?”

“Rárá o, mà. Kí lẹ rí?”

Ó na dígí kékeré tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ sí mi. Ọrùn mi ti dúdú láti ìdí etí dé èjìká, ó rí bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí. Mo ká adìrẹ kúrò. Apá ọ̀tún léèsì mi láti èjìká dé ìgúnpá ti di búlúù, kì í ṣe búlúù kan náà ní gbogbo ara o: ó dúdú ní ibi tí omi kán sí, ó wá ń rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, títí dé etí ọwọ́ tó kàn fẹ́ búlúù díẹ̀ bí ojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé mo sanwó kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá sọ pé ó dára.

Ní Ìlọrin, àbúrò ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ yìí, ṣé láti ìdí ìkòkò aró lo ti ń bọ̀ ni?” Ẹ̀yìn pátápátá ni ayàwòrán fi mí sí. Alágbàfọ̀ tí mo gbé léèsì fún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, owó tó gbà sì ju owó tí mo ra adìrẹ lọ. Abẹ́ apá rẹ̀ ṣì búlúù títí dòní.

Mo padà sí Ìtòkú pẹ̀lú ìbínú. Ìyá ọlọ́jà gbọ́ mi dé ìparí, ó wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó, oníbàárà mi?” Mo ní rárá. Ó gbọ́wọ́ lérí. “Háà! Adìrẹ tuntun lẹ gbé ka orí funfun?” Kò dá kọ́bọ̀ padà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un.

Àgbà aláró kan ní Kẹ́mta ló là mí lóye lẹ́yìn náà. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, wọ́n á rọ ọ́ ní ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, kì í búlúù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: àwọ̀ ewé ló ń gbé jáde, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Aláró gidi á tì í bọ̀ ọ́, á nà án fún atẹ́gùn, á tún tì í bọ̀ ọ́, títí á fi dúdú. Bí ẹnìkan bá ń kánjú, tó tì í bọ inú aró kíki lẹ́ẹ̀kan tí kò jẹ́ kó gba atẹ́gùn tó, tí kò sì fi omi ṣàn án mọ́, orí aṣọ ni aró náà jókòó sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fara kàn án ló máa kó o lọ. Lónìí, àwọn tó pọ̀ jù ń lo aró oníyẹ̀fun pẹ̀lú kẹ́míkà bíi kọ́sítíìkì sódà àti haidirósì, iṣẹ́ á yá, ṣùgbọ́n ti omi ìṣàn kò yí padà. Àgbà aláró náà wá fi kún un pé aró ẹ̀lú gan-an, bí a ti wù ká fọ̀ ọ́ tó, díẹ̀ á ṣì máa ra mọ́ nǹkan bí a bá fi gbo ó. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tí adìrẹ mi tún bá funfun jókòó.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kí n tó sanwó rọrùn. Mo máa ń rẹ ìnujú funfun sínú omi, mo máa fi gbo ibi tó dúdú jù lára aṣọ náà, mo máa ka ení, èjì dé ogún. Bí ìnujú bá kàn búlúù díẹ̀, ilé ni màá ti fọ̀ ọ́ tán. Bó bá dúdú, mo kí wọn pé ẹ kú ọjà o. Mo máa ń yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò pẹ̀lú: aró tí a tì bọ ìkòkò máa ń là á já, ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tó iwájú. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó wá pọ̀ lọ́jà báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà dúdú tó iwájú. Lára oníko tuntun, ẹ tún máa rí ibi tí okùn ti fún un, ó ṣì máa ń hunjọ, bí ẹ bá fọwọ́ pa á ẹ ó mọ̀ ọ́n. Kí n má parọ́, àwọn ti ẹ̀rọ yẹn kì í sábà ṣí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo dì mú rí ń yọ̀ bí ọ̀rá lára, kì í fa òógùn rárá.

Bí mo bá dé ilé, òun nìkan ni mo máa rẹ sínú bàsíà omi tútù, màá fọ̀ ọ́, màá ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Oṣùbàmbà yẹn gba omi mẹ́rin. Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ sí i, mo fi sí i, mi ò rí ohun tí iyọ̀ ṣe. Abẹ́ ìbòòji ni mo sá a sí.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí òtútù bá máa ń dá àìsàn sí yín lára, tàbí ìrìn òru ni tiyín, ẹ ra búláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn mọ̀ pé báàgì yín á máa ṣe bí alábọyún, irun rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo aṣọ dúdú tí ẹ ní. Bó bá jẹ́ ilé àlejò lẹ ń lọ, tí ẹ ò fọkàn tán táwẹ̀ẹ̀lì wọn, ẹ gbé tiyín, ẹ má ká a tutù. Ẹni tí kò bá ní sùúrù àtifọ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó lò ó, kó má ra adìrẹ. Mi ò ní fi tìpátìkúùkù mú ẹnikẹ́ni.

Tèmi, ọdún keje rèé tí oṣùbàmbà yẹn ti wà nínú báàgì mi. Ó ti ń fẹ́lẹ́ bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti rọ̀ bí òfuurufú lẹ́yìn òjò. Mo ti ra ìkejì dè é, mo gbo ó dáadáa kí n tó sanwó. Búláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí àga nínú pálọ̀, ọmọ ológbò ló ń sùn lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ìtòkú, ẹ lọ láàárọ̀ tí ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Yáàdì méjì àbọ̀ tó fún ẹnìkan, márùn-ún ni ẹ ó bá ẹlòmíràn pín. Ẹ mú ìnujú funfun àti ìgò omi kan dání. Bí ọlọ́jà bá bínú sí ìnujú yín, ẹ rọra bọ́ sí ìsọ̀ kejì.