Láàbù kan ní Sábó, Ìkòròdú: CRP wọn dáa, ESR wọn ni kí ẹ fojú ṣọ́

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ESR (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára sọ̀kalẹ̀ sí nínú túùbù) àti CRP (iye èròjà purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀); àwọn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ibì kan ń wú tàbí ń gbóná nínú ara. Èèyàn lè jẹun kó tó wá ṣe é.

Ọwọ́ wọn mọ́ nínú gbígba ẹ̀jẹ̀. Fún ESR, ìdá mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ìdá kan citrate tí kì í jẹ́ kó dì, wọ́n sì ń rọra yí i síwá sẹ́yìn. Àmọ́ orí tábìlì tí centrifuge (ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí bírí) ti ń gbọ̀n ni wọ́n gbé túùbù náà sí, lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé! Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán fún wákàtí kan gbáko. Bó bá tẹ̀, tó ń gbọ̀n, tàbí tí ooru mú un, sẹ́ẹ̀lì pupa á yára sọ̀kalẹ̀, iye rẹ̀ á sì ga lásán.

CRP ní tiwọn, ẹ̀rọ ló ń kà á, èsì sì ń jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èròjà CRP náà. Kì í pẹ́ gòkè, kì í sì í pẹ́ wálẹ̀ tí àìsàn bá ti ń lọ. ESR ní tiẹ̀ lè wà lókè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

Wọn kì í béèrè oyún tàbí jẹ́nótáìpù, ìyẹn ò dáa rárá. Oyún àti àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ESR ga. Ti ẹni tó jẹ́ SS sábà máa ń kéré, torí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í tò léra bí àwo. Ẹ ní kí wọ́n fi PCV (àyẹ̀wò tó ń fi àìtó ẹ̀jẹ̀ hàn) kún un.