Ẹ ṣọ́ra fún "òkúta òṣùpá" tí wọ́n ń tà káàkiri Ìlọrin

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn kan ń ta òkúta lórí WhatsApp, wọ́n ní òkúta òṣùpá ni. Ìtàn kan náà ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn: bàbá kan tó ṣiṣẹ́ ìjọba láyé Gowon ni aṣojú Amẹ́ríkà fi ta lọ́rẹ, bàbá ti kú, àwọn ọmọ fẹ́ tà á kí wọ́n pín owó. Wọ́n á fi fọ́tò ìwé kan tó ti gbó hàn yín, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n á wá ní kí ẹ san àsansílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ìdí ẹ̀bùn yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà fi òkúta òṣùpá ta àwọn orílẹ̀-èdè lọ́rẹ nígbà ìjọba Nixon, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ti Apollo 11, ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tó gbé èèyàn balẹ̀ sórí òṣùpá, jẹ́ ègé mẹ́rin tó kéré bí iyanrìn, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.05 gíráàmù, inú ike tó mọ́ gaara ni wọ́n dì í sí. Ti Apollo 17 wá láti ara òkúta kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 70017. Ègé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wọ̀n tó gíráàmù kan ó lé díẹ̀, inú bọ́ọ̀lù ike ló wà, lórí pátákó onígi tó jẹ́ íńṣì 10 sí íńṣì 14, pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè tó gbà á. Bí èyí tí wọ́n gbé wá bá ti tó ẹyin adìẹ, tí ẹ sì lè fọwọ́ pa á lára, kò sí nínú ẹ̀bùn méjèèjì.

Àwọn kan á ní ìwé wà ńbẹ̀ ṣáá. Ìwé wà lọ́wọ́ Willem Drees náà. Olórí ìjọba Netherlands ni tẹ́lẹ̀. Ní 1969, nígbà tí àwọn ọkùnrin Apollo 11 bẹ ìlú wọn wò, aṣojú Amẹ́ríkà fún un ní òkúta kan. Lẹ́yìn tí Drees kú ní 1988, òkúta náà bọ́ sí Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Amsterdam. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi nǹkan bíi 500,000 dọ́là dójú òfò rẹ̀. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, igi tó ti di òkúta ni! Káàdì tó bá a wá ò sì sọ pé láti òṣùpá ni. Ìrántí ìbẹ̀wò ni wọ́n kọ sí i, àwọn tó kà á ló fi ìyókù kún un. Ojú yẹn ni kí ẹ fi ka ìwé yòówù tí wọ́n bá nà sí yín. Ṣé ó sọ ìwọ̀n òkúta, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tí wọ́n ti mú un lórí òṣùpá? Àbí ó kàn ń kí ẹnì kan kú àbọ̀?

Ní tiwa níbí, ohun tó rọrùn jù láti fi tan èèyàn ni ìdàrọ́, pàǹtí irin tó ṣẹ́ kù níbi tí àwọn baba wa ti ń yọ́ irin. Ó dúdú, ó wúwo, ihò kéékèèké wà lára rẹ̀ bí àkàrà, ibi tó bá kán sí á máa dán bí ìgò. Olùtajà á yọ máàgínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà, á fi kàn án, á lẹ̀ gbágbá, á ní ẹ ò rí i? Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Irin tó wà nínú òkúta òṣùpá kéré gan-an, máàgínẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ẹ́ fà á. Èyí tó bá lẹ̀ pinpin, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ihò nìkan dájọ́ o, torí àwọn òkúta Apollo kan náà ní ihò.

Ẹ tún wò ó bóyá ó ń dán wínríwínrí, tí èékánná lè ṣí i ní ìpele-ìpele. Máíkà nìyẹn, kò sí i nínú òkúta òṣùpá, torí omi wà nínú rẹ̀, òkúta òṣùpá sì gbẹ táútáú. Òkúta rírọ̀ irú èyí tí wọ́n fi gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ náà ní omi nínú. Èékánná á ha á. Bó bá funfun, ẹ fi ọ̀bẹ ha ìyẹ̀fun díẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá hó, mábù ni, irú èyí tó wà ní Orékè. Ẹ má lo ásíìdì bátìrì. Ẹdùn àrá ńkọ́? Ọwọ́ èèyàn ló lọ̀ ọ́ tó fi dán bẹ́ẹ̀.

Bí gbogbo èyí ò bá tíì mú un, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà tó ní òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ wọn òkúta náà. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so òkúta rọ̀ sínú omi láìkan ìsàlẹ̀ ife. Ẹ fi nọ́ńbà kejì pín ti àkọ́kọ́. Òkúta dúdú irú 70017 á fún yín ní 3 tàbí kó lé díẹ̀. Ìgò máa ń jẹ́ nǹkan bíi 2.5, igi tó di òkúta kì í sábà kọjá 2.6. Ẹ jọ̀ọ́, 3 yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ti òṣùpá ni, torí òkúta dúdú Jos náà lè fún yín ní 3. Ẹni tó lè là á ní tẹ́ẹ́rẹ́ tó 0.03 mìlímítà, kó wò ó lábẹ́ awò amúǹkantóbi, ló lè sọ òkodoro. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Olùtajà tó bá kọ̀ láti bá yín débẹ̀, ẹ dá òwò náà dúró níbẹ̀.

Òkúta òṣùpá tó já bọ́ láti ojú ọ̀run wà, tí wọ́n ń rí ní aṣálẹ̀ Sàhárà, èèyàn sì lè rà á. Ṣùgbọ́n ó máa ń ní orúkọ àti nọ́ńbà nínú Meteoritical Bulletin, àkọsílẹ̀ àwọn òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, ẹ lè wá a fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Apollo, dúkìá ìjọba ni: wọ́n gba ti Honduras lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ní Amẹ́ríkà ní 1998, ègé tí kò ju 1.142 gíráàmù lọ.

Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp náà rẹ́. Kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó mú ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ dání, kó gba ọ́fíìsì EFCC tó wà ní Ìlọrin lọ.