Eré jẹ́jẹ́ àbí eré àsásinmi?

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù, ìyẹn eré kìlómítà 42.195. Nínú eré jẹ́jẹ́, èèyàn á sáré fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yóò ṣì lè máa tàkúrọ̀sọ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ti àsásinmi yàtọ̀: sá eré gan-an fún ìṣẹ́jú 4, fi ìṣẹ́jú 3 rọra sinmi lórí ìrìn, kí o tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin.

Eré jẹ́jẹ́ kò wu ojú, àmọ́ abẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín pọ̀ sí i nínú iṣan, ó sì ń kọ́ ara láti máa jó ọ̀rá kí ṣúgà tó wà nípamọ́ níbẹ̀ má baà tètè tán. Àìsí ṣúgà yìí wà lára ohun tó ń sọ ẹsẹ̀ di òkúta nígbà tí eré bá ku díẹ̀ kó parí.

Àsásinmi ń yára so èso. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn á máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde nígbàkigbà tó bá lù, ara á sì lè lo ọ́síjìn púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó ń tánni lókun. Dán an wò lójoojúmọ́, orúnkún á fèsì!

Stephen Seiler, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì eré ìdárayá, kíyè sí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìgbáradì àwọn ọ̀gá eléré ló jẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn eré jẹ́jẹ́ lèmi náà wà, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.