Ẹ̀kọ́ òfin ọ̀daràn tí mo fetí gbọ́ nínú ọkọ̀: ó dára, àmọ́ ẹ̀kọ́ kẹsàn-án bí mi nínú

Ọkọ̀ wíwà ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mi ò kàwé òfin rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló tì mí dé ìdí ẹ̀kọ́ yìí. Ó ń ṣe rìfáàsì, kò wo dígí, kò bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo sì fún un ní òdo. Ó ní, "Tísà, ẹ má bínú o, ṣé mo gbá ẹnikẹ́ni ni?" Ẹnu mi wọhò. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jàre, àmọ́ mi ò rí àlàyé kan ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ẹ̀kọ́ olóhùn kan lórí òfin ọ̀daràn: ẹ̀kọ́ 12, bí ìṣẹ́jú 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mẹ́wàá sì ń bẹ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ohùn olùkọ́ náà já gaara, kì í sì í fi gírámà dani láàmú. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ lè sáré gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni ọjà gan-an. Ibẹ̀ ló ti ya ọ̀ràn sọ́nà méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ìwà yẹn fúnra rẹ̀ ti tó: ẹni tó búra nílé ẹjọ́ tó wá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ti dáràn, adájọ́ ìbáà gbà á gbọ́, ìbáà má gbà á gbọ́. Ti èkejì ò tíì pé àfi tí nǹkan kan bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bó ti wù kó wù ẹ́ tó pé kí ẹnì kan kú, tí kò bá kú, a ò lè pè ẹ́ ní apànìyàn. Kódà, kó kú nìkan ò tó. Ọwọ́ rẹ ni ikú yẹn gbọ́dọ̀ ti wá. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Ìlú Ọba lọ́dún 1910 ló fi là á yé wa. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ White da májèlé sínú ohun mímu ìyá rẹ̀. Ìyá kú lóòótọ́, àmọ́ àrùn ọkàn ló pa á, májèlé yẹn ò sì pọ̀ tó èyí tó lè pààyàn. Ilé ẹjọ́ ní kò pànìyàn, pé ó gbìyànjú láti pànìyàn ni. Mo dá ohùn yẹn padà, mo tún un gbọ́.

Ẹ̀kọ́ keje ló dùn mọ́ mi jù, torí ó fi hàn pé àwọn aṣòfin lè gbé ọ̀ràn kan kúrò nínú agbọ̀n kan sínú òmíràn. Lábẹ́ òfin olè jíjà Ìlú Ọba ti 1968, kẹ́ ẹ tó lè dá ẹni tó fi ẹ̀tàn gba ẹrù olówó lẹ́bi, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kan gba irọ́ náà gbọ́, pé ẹrù sì tìtorí ẹ̀ dọ́wọ́ rẹ̀. Òfin jìbìtì ti 2006 ò bèèrè ìyẹn mọ́. Tó o bá ti fi àìṣòótọ́ parọ́ nítorí kó o lè rí èrè tàbí kí ẹlòmíì lè pàdánù, ó parí. Gbájúẹ̀ tó fi irọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó gbọ́n jù ú lọ ti jẹ̀bi kí onítọ̀hún tó bú sẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ẹ̀kọ́ kẹsàn-án. Ọkọ̀ wíwà ló dá lé, iṣẹ́ tèmi gan-an, mo sì ti ń retí ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó wa ìwàkuwà tó léwu, tí kò gbá ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló pọ̀ jù fún un. Tí ìwàkuwà yẹn bá pààyàn, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére láti oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọdún 14 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, orí ló kàn yọ ẹnì kan. Olùkọ́ wa ka àwọn nọ́ńbà yìí bí ẹni ń ka nọ́ńbà lọ́tìrì, ó sì bá tirẹ̀ lọ! Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo sanwó fún.

Èmi ní tèmi, òdo ni òdo ń jẹ́ nínú ìwé máàkì mi, ọmọdé ìbáà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ìbáà má sí. Àmọ́ mi ò lè dúró níwájú ìyá ọmọ tí wọ́n pa kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Torí náà, mo gbà pé kí ìyàtọ̀ wà. Kó fò láti ọdún méjì dé gbére ni kò wọ̀ mí létí.

Àbùkù kan tún wà. Nínú ìbéèrè ẹ̀kọ́ karùn-ún, wọ́n ní White pànìyàn, wọ́n sì yọ máàkì mi. Mo kọ̀wé sí wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó fèsì pé àwọn dúpẹ́. Ìdáhùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di àárọ̀ yìí.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn nítorí ẹ̀kọ́ karùn-ún àti ìkeje. Mo jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn gbọ́ ti karùn-ún lọ́jọ́sí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó ní ó yé òun dáadáa, ó wá béèrè bóyá màá fún òun ní máàkì ẹni tó gbìyànjú.