Ìkógòsì, Àrìǹta àti ààfin Ìkẹ́rẹ́: ohun tí àwọn ọmọ wa gbádùn nínú ọlidé gígùn àti ohun tó sú wọn

Kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè lè tètè máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé, tí ẹ sì ń wá ibi tí ẹ máa kó wọn lọ nínú ọlidé gígùn, ẹ kó wọn lọ sí Ìkógòsì, ibi omi gbígbóná ní Èkìtì, ṣùgbọ́n kí ẹ sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá lọ láàárọ̀ tó padà nírọ̀lẹ́ á rí omi, á ya fọ́tò, á jẹ ìrẹsì, á wá máa bi ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé kí ni gbogbo ayé ń pariwo lé lórí.

Àbúrò mi obìnrin ló kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá bá wa láti Èkó. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dání: òkun. Ní Adó-Èkìtì! Kí n tó ya ẹnu, àwọn tèmi ti bá wọn gbè é. Òkè ni Ọlọ́run fi ta Èkìtì lọ́rẹ, kò fún wa ní òkun. Ká wá kó gbogbo ilé padà sí Èkó nítorí yanrìn, mi ò gbà. Ní àsìkò òjò báyìí ìgbì òkun Èkó a máa le, omi a sì máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ọmọ lọ sí Elegushi tàbí Eleko rí mọ bó ṣe ń rí: ìyá ọmọ á dúró létí omi, á máa ka orí ọmọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Èmi fẹ́ omi tí mo lè jókòó tì, kí n máa jẹ ẹ̀pà mi.

Láti Adó, a gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ àti Èrìjíyàn. Bí ẹ bá ti kọjá Àrámọkọ, òkè àti kọ́nà máa pọ̀ sí i. Ọmọ tí inú rẹ̀ máa ń ru nínú ọkọ̀, ẹ má fún un ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì kó tó wọ mọ́tò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ wò ni ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Oríṣun kálukú ọ̀tọ̀ ni, wọ́n á wá pàdé nísàlẹ̀, wọ́n á máa ṣàn lọ pọ̀. Ẹ lè ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, kí ẹ ti tòsì bọ èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà pẹ̀lú wa kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ń ti ọwọ́ bọ ọ̀hún, ó ń ti ọwọ́ bọ ìhín, ó ń kígbe "gbóná!", "tútù!" bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lágbàáyé. Wọ́n tún ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi omi gbígbóná náà kún. Àwọn ńlá inú wọn fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà ní Adó, ó wà ní Èkó. Ibi ìpàdé omi yẹn ni mo sanwó fún.

Ẹ máa gbọ́ pé omi náà gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oríṣun. Bó bá jẹ́ 70 ni lóòótọ́, ọmọ wo ló máa ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tí kò ní bó? Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó ti wọn ọ́n rí i pé nǹkan bíi 37 sí 38 ni. Ọmọkùnrin àbúrò mi, ẹni ọdún 13 tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìjiyàn, fẹ́ mọ ibi tí iná náà wà. Kò sí iná, kò sì sí òkè oníná nítòsí. Òjò ló ń wọlẹ̀ gba inú àlàfo àpáta lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná, kó tó gba ojú sísán inú òkúta quartzite padà jáde lẹ́sẹ̀ òkè. Ó ní òun gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yan ìtàn tí ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri sọ: pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì, ọ̀kan oníbìínú, ọ̀kan onísùúrù, ìjà orogún ló sọ wọ́n di odò. Ọmọ mi ẹni ọdún mẹ́sàn-án béèrè èwo ni ìyálé nínú wọn. Ọmọkùnrin náà dáhùn kíá pé èyí tó gbóná ni. Àbúrò mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìwọ̀n 37 yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ sísùn. Bí ara ènìyàn ṣe gbóná náà nìyẹn. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn ti mú, bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ bọ omi tó gbóná bí ara yín, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ gbígbóná rẹ̀ lára. Omi tútù ni ẹ máa mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń wá fún ọjọ́ kan máa ṣe ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Láfẹ̀mọ́júmọ́ ní oṣù Kẹjọ, òtútù òkè Èkìtì a máa wọ egungun, ìrì á bo igbó, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa gòkè lórí omi. Ẹ wá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ tí mo máa ń fi igbe jí nílé ló jí mi. Kò sí ariwo orin, kò sí ọkọ̀ ilé ìwé tó já èrò sílẹ̀, àwa àti ẹbí kan péré ni, ìyá àgbà àwọn ọmọ wa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi, ó ní oríkèé òun ń tú. Títí aago mẹ́sàn-án, àwa la ni ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́jọ́-kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé, àwa ń palẹ̀ mọ́.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Iléyá, ẹ má lọ lọ́jọ́ kejì Kérésì, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ràn èrò.

Mi ò ní kọ iye owó yàrá àti owó ẹnu ọ̀nà síbí, torí owó ìlú wa yìí kì í dúró lójú kan. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì béèrè bóyá owó ìwọlé wà nínú owó yàrá. Ní ti oúnjẹ, ẹ gbé ìpápánu dání fún àwọn ọmọdé. Ebi ọmọ kì í dúró de ẹni tó ń dáná. Àwa jẹ iyán wa lọ́nà, ní búkà kan tí kò ní pátákó orúkọ, iyán iṣu tuntun pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò. Iṣu tuntun a máa ní omi jù ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, iyán rẹ̀ kì í le dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé iyán tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dùn, kì í ṣe ará ibí.

Omi Àrìǹta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà sí Ìkógòsì, ẹ sì lè pa méjèèjì pọ̀. Omi ńlá tó ń já láti orí àpáta nínú igbó ni. Àsìkò òjò ni omi rẹ̀ ń pọ̀ jù, àsìkò yẹn náà ni àpáta rẹ̀ ń yọ̀ jù, nítorí náà sálúbàtà kò wúlò níbẹ̀, bàtà kánfáàsì ni kí ẹ wọ̀ fún wọn. Àwa fi ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn ọmọkùnrin ní ibẹ̀ dára ju Ìkógòsì lọ. Mo gbọ́.

Láti ibẹ̀ a padà sí Adó, a sì gba yàrá fún àwọn àlejò ní ilé ìtura kan tí mi ò ní dárúkọ. Lórí fóònù, "yàrá ẹbí" ni wọ́n pè é. Nígbà tí a dé, bẹ́ẹ̀dì kékeré méjì ni wọ́n tò sí ẹgbẹ́ ara wọn. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, láàárín òru wọ́n pa á. Àbúrò mi lọ bá wọn, ẹni tó wà ní kántà ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, díísù ló tán." Mọ́mì ò bínú, Mọ́mì kàn gba àjẹkù owó rẹ̀ padà láàárọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo yàrá kí ẹ tó sanwó.

Ti ìtàn ló kù, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, torí mo mọ bí ọmọ ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá gbé e síwájú ère. A yà ní Fajuyi Park láàárín Adó, mo sọ fún wọn bí wọ́n ṣe pa Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nítòsí Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, òun àti Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, tó gbà lálejò. Wọ́n gbọ́, wọ́n wo ère, wọ́n ní ṣé áìsìkiriìmù wà. Ó parí.

Ìkẹ́rẹ́ ni nǹkan ti yí padà. Àpáta Ọlósùnta fúnra rẹ̀ ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Òkè tó dà lé ìlú lórí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọdé máa wò ó láti ìsàlẹ̀ o. A tọrọ àyè ní ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo wá fi fóònù mi hàn wọ́n: àwòrán ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin yìí ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ògògà jókòó gbẹdẹmukẹ lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìdojúkọ rẹ̀, òyìnbó ìjọba há mọ́ inú àga tí wọ́n fi ń gbé e bọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ rí i lójú korojú. Mo ní kò sí níbí mọ́, ó ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e lọ fún ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní ọdún 1924, ó wu àwọn òyìnbó, Ògògà kò fẹ́ tà á, wọ́n wá fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ò rí ìjà! Ẹni ọdún 13 ní wọ́n rẹ́ ọba jẹ, pé àga lásán kò tó ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ta ló rẹ́ ọba jẹ, ṣebí ọba fúnra rẹ̀ ló gbà, ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ lè gbẹ́ òmíràn. Tèmi ní kí wọ́n dá àga wọn padà fún wọn kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn bọ̀. Wọ́n fi ìjà yẹn dé Adó, wọ́n fi jẹun alẹ́. Kò sí ère kan tó ṣe ìdajì èyí fún wọn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bí mo bá fẹ́ kó ọmọ lọ síbi ìtàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá ara wọn jiyàn lé lórí ni mo máa kọ́kọ́ wá, n óò wá ibi tí a máa lọ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá lọ nígbà ọdún Ọlósùnta, ní àsìkò iṣu tuntun, ẹ máa bá ìlù àti ijó, ṣùgbọ́n ìlú á kún.

Ẹrù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: súwẹ́tà fún kálukú, àní bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Kẹjọ, oògùn ẹ̀fọn, aṣọ pípààrọ̀ ìlọ́po èyí tí ẹ rò pé ó tó, àti owó lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa jẹ́ kí POS ṣiṣẹ́ láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn. Àwọn àgbà inú àwọn ọmọ ti ń bèèrè omi Ọlúmirin ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà, èyí tó wà ní Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún, tó ní ìpele méje. Wọ́n fẹ́ ká lọ ní Kérésì. Mo ti sọ fún wọn pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni Kérésì, omi á ti fà, kí wọ́n jẹ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ rọ̀ ná.