WhatsApp Business lọ́wọ́ ẹni tó ń taṣọ: ohun tí mo rí

Àǹkárá àti léèsì ni mo ń tà ní Gbági Tuntun, n'Ìbàdàn, orí WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp tí wọ́n ṣe fún oníṣòwò, sì ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ oníbàárà mi sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ kó wù mí ni pé kò sí nǹkan tuntun kan tó ní kí n kọ́. Láti 2018 tí wọ́n ti gbé e jáde, ojú WhatsApp tí gbogbo wa mọ̀ náà ló ní. Ẹni tó bá ti lè tẹ "ẹ káàárọ̀ mà" ránṣẹ́ ti lè lò ó. Áàpù ìṣirò ọjà kan tí mo lò ṣáájú rẹ̀, kí n tó kọ yáàdì 6 tí mo tà sínú rẹ̀, á ti béèrè orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí oníbàárà. Ọjọ́ ìbí! Ṣé mo fẹ́ bá a se ìrẹsì ni? Àwọn èèyàn sì dúró níwájú ìsọ̀, wọ́n ń ná ọjà.

Ìdáhùn kíákíá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti kọ pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. "Ẹ fi àkáǹtì yín ránṣẹ́" ni wọ́n máa ń wí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, màá lọ wá a nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́, àbí kí n máa tẹ nọ́ńbà 10 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àyà mi sì máa já pé mo ti ṣi ọ̀kan tẹ̀. Ní báyìí, mo tẹ ìlà tó dagun, ìyẹn /, mo mú "banki", nọ́ńbà, orúkọ báńkì àti orúkọ mi á sì jáde pọ̀.

Àwọn àmì aláwọ̀ tí èèyàn ń fi sára ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan náà dáa. Wọ́n ti kọ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín: oníbàárà tuntun, ọjà tuntun tí wọ́n bèèrè, ẹni tí kò tíì sanwó, ẹni tó ti san. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé aláṣọ ò ní jókòó máa ro orúkọ àmì. Èmi fi "ó ku díẹ̀" kún un, torí àwọn oníbàárà tèmi kì í san owó tán lẹ́ẹ̀kan.

Ibi ìpàtẹ ọjà wúlò fún léèsì. Àǹkárá tó máa tán kílẹ̀ tó ṣú, status ló tọ́ sí i.

WhatsApp Business kì í bá yín ka iye yáàdì tó kù, kò sì mọ iye tí wọ́n jẹ yín. Ìwé ni mò ń kọ ìyẹn sí. Ẹni tó ní ìsọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin á nílò ju èyí lọ. Ìsọ̀ kan tó ní ọmọṣẹ́ kan, ó tó o.